Jẹ́rìí, Má Ṣe Fi Ipá Mú Ẹnikẹ́ni

Ibi kíkà: Jòhánù 6:60-69; 1 Pétérù 3:13-16

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ìdílé yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kí a rí agbo ilé kan tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhájì, kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí ìyá àgbà tí ó tọ́ àwọn méjèèjì sì máa bọ Ọ̀ṣun títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bí Iléyá bá dé, ẹran a máa wọ ilé onígbàgbọ́. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì a máa wọ ilé Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé owó ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí ti bàbá tí ó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, ni a fi rán wa lọ sí ilé-ìwé.

Inú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ti pè wá. Ó gbà wá là, ó sì ní kí a lọ máa ṣe ẹlẹ́rìí òun (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:8). Láti ìgbà náà ni ọkàn wa kò ti lè sinmi lórí àwọn ènìyàn wa. A kò fẹ́ kí bàbá kú láìmọ Jésù. A kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà ṣègbé. Ìfẹ́ yìí dára, Ọlọ́run ni ó fi sínú wa. Ṣùgbọ́n ààlà tín-ín-rín ni ó wà láàrin ìfẹ́ yìí àti ipá, ọ̀pọ̀ sì ti rékọjá rẹ̀ láìfura. Ìbéèrè wa nìyí: báwo ni Kristẹni ṣe lè di ohun tí ó gbàgbọ́ mú ṣinṣin, kí ó sì máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni?

OHUN TÍ Ó DÙN WÁ NÍGBÀ TÍ WỌ́N ṢE É SÍ TIWA

Ní oṣù kejì ọdún 2018, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní ìlú Dapchi, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, wọ́n sì kó ọmọbìnrin 110 lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn padà fún òbí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò dá Leah Sharibu padà, ọmọ ọdún 14, Kristẹni, nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ni àwọn ìjọ ti gbàwẹ̀ nítorí ọmọ yìí. Àwọn ìyá sunkún rẹ̀ bí ẹni pé inú tiwọn ni ó ti jáde.

Èé ṣe tí ọ̀rọ̀ Leah fi gún wa lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe nítorí pé ọmọ ìjọ ni nìkan. Ó jẹ́ nítorí pé a mọ̀ pé yàrá kan wà nínú ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní àṣẹ láti já ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń dá dúró níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìbọn já ibẹ̀ ti ṣẹ̀ sí ọmọ náà, ó sì ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́run tí ó dá a.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, bí yàrá yẹn bá wà nínú Leah, ó wà nínú ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé wa pẹ̀lú. Ó wà nínú bàbá tí ń bọ Ògún. A kò sọ pé ìyà ọmọ tí wọ́n fi ìbọn gbé lọ àti ìnira ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń dààmú nítorí ẹ̀sìn dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Síbẹ̀, Olúwa wa fi òfin kan lélẹ̀, pé ohun tí a bá ń fẹ́ kí ènìyàn ṣe sí wa ni kí àwa náà máa ṣe sí wọn (Mátíù 7:12). Kò sọ pé kí a yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú òfin náà.

BÍ JÉSÙ OLÚWA WA TI ṢE É

Bí ẹnìkan bá wà tí ó ní agbára láti fi ipá mú ènìyàn gbàgbọ́, Jésù ni. Ẹni tí ó bá ìjì wí tí ìjì dákẹ́, kí ni ọkàn ènìyàn tí kò lè tẹ̀ ba? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ wá bá a, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bíbélì sọ pé Jésù wò ó, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ (Máàkù 10:21). Ó sọ òtítọ́ fún un, òtítọ́ náà le, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Jésù kò sáré tẹ̀ lé e. Kò dín ọ̀rọ̀ náà kù kí ó lè rí i mú, bẹ́ẹ̀ ni kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

Nínú Jòhánù orí 6, ọ̀pọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn padà lẹ́yìn rẹ̀. Olúwa yíjú sí àwọn méjìlá, ó bi wọ́n bóyá àwọn náà fẹ́ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nítorí pé ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ ni ìdáhùn Pétérù fi níye lórí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Pétérù ni, ta ni yóò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ?

Ní ìlú kan ní Samáríà, wọn kò gba Jésù. Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná láti ọ̀run. Olúwa bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ wí, kò bá àwọn ará Samáríà wí, wọ́n sì gba ìlú mìíràn lọ (Lúùkù 9:52-56). Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì fi ara rẹ̀ hàn nínú Ìfihàn 3:20: ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń kanlẹ̀kùn. Ọwọ́ ẹni tí ó wà nínú ilé ni ìlẹ̀kùn náà wà.

BÍ A BÁ FI IPÁ ṢE É, IRỌ́ NI A Ó BÍ

Ìjọ Ọlọ́run kò fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé àpẹẹrẹ Olúwa rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn yìí, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti kọsẹ̀ yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹjọ, ọba kan tí ń jẹ́ Charlemagne bá àwọn ẹ̀yà Saxon jà ní apá ibi tí a ń pè ní Jámánì lónìí. Nígbà tí ó ṣẹ́gun wọn, ó ṣe òfin pé ẹni tí ó bá kọ ìrìbọmi, pípa ni. Àwọn ènìyàn wọ odò nítorí pé idà wà létí odò. Alcuin, díákónì ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn ọba yìí, ni ó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 796 pé ohun tí ọkàn fúnra rẹ̀ fẹ́ ni ìgbàgbọ́, a kì í fi agbára mú un wá. A lè fi ipá ti ènìyàn sí ìrìbọmi, ṣùgbọ́n a kò lè fi ipá tì í sí ìgbàgbọ́. Ó ti lé ní 1,200 ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lẹ́nu Kristẹni, ó sì tún yẹ kí a máa sọ ọ́.

Àwọn ẹbí tiwa náà jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà òwò ẹrú, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí Brazil àti Kúbà. Òfin Portugal pàṣẹ pé kí olówó ẹrú ṣe ìrìbọmi fún ẹrú rẹ̀. Wọ́n da omi sí wọn lórí, wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun. Kí ni ó jáde níbẹ̀? Ní Kúbà, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú ère Santa Bárbara, Ṣàngó sì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbé Màríà ti Regla káàkiri, Yemọja ni ó wà lọ́kàn wọn. Títí di òní ni ẹ̀sìn méjèèjì ṣì lọ́ mọ́ ara wọn níbẹ̀.

Ní ìlú Salvador ní Bahia, ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn òmìnira tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni Pacífico Licutan. Pacífico ni orúkọ tí wọ́n fún un lóko ẹrú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni àlàáfíà. Láàrin àwọn ará rẹ̀, Bilal ni ó ń jẹ́. Orúkọ kan wà fún olówó, òmíràn wà fún ọkàn. Èyí ni èso ipá: kò bí onígbàgbọ́, ó bí ènìyàn tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi ara pamọ́.

Ìdí nìyí tí Olúwa fi bá àwọn Farisí wí, tí wọ́n ń la òkun kọjá kí wọ́n lè sọ ẹnìkan di aláwọ̀ṣe (Mátíù 23:15). Ó ṣeé ṣe kí a rin ìrìn jíjìn, kí a náwó, kí a kó ènìyàn wọlé, kí ẹni tí a kó wọlé sì burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Nílé wa níhìn-ín náà, àpá wà. Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé-ìwé fún wa, a kò sì lè gbàgbé oore wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ní Èkó ni kò jẹ́ rán ọmọ wọn lọ síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó lọ kọ́ ìwé yóò padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sìn mìíràn. Ìjọba ní láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896. Ní 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn òbí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjà híjáàbù bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Ìwó ní 2016, tí àwọn ọmọ Kristẹni wọ aṣọ kọ́yà lọ sí kíláàsì, ọgbẹ́ àtijọ́ yìí náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ híjáàbù ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, ó sì fi àyè gba àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti máa lò ó ní ilé-ìwé ìjọba. Inú àwọn kan nínú wa kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi híjáàbù borí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wa, ọmọnìkejì wa ni. Kọ́ ọmọ rẹ láti yá a ní rúlà, kì í ṣe láti fà á ní híjáàbù.

Ọ̀NÀ TÍ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ CROWTHER TỌ̀

Bí a bá fẹ́ àpẹẹrẹ rere, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Òṣoògùn, Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821, àwọn jagunjagun wọ ìlú rẹ̀, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí ó kó wọn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni ó ti gba Kristi, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti kórìíra Mùsùlùmí, Àjàyí ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó ń rin etí Odò Ọya láti ìlú dé ìlú, jẹ́jẹ́ ni ó ń bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Kì í fi èébú bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn àti tirẹ̀ ti pàdé nípa Jésù ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ààfin Ìlọrin ní 1872, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, Bíbélì ni ó ṣí láti dá wọn lóhùn. Ó gbà pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè ja ìjà ara rẹ̀, kò nílò kí a fi ìbínú tiwa kún un.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Àjàyí rí ìyá rẹ̀ Àfàlà. Ẹ rò ó wò: ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ṣì wà nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Òun ni ó lè bọ́ ọ, òun ni ó lè wọ̀ ọ́ láṣọ, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ọmọ tí ó rò pé ó ti kú. Bí Àjàyí bá sọ pé kí ó wọ odò lọ́la, yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, ní oṣù kejì ọdún 1848. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti kọ́ ọ, ó sì ti rí ìgbé ayé ọmọ rẹ̀. Hannah ni orúkọ tí ó gbà. Ó wà láyé títí di 1883. Ẹni tí ó fara balẹ̀ kórè, èso tí ó gbó ni yóò rí ká.

IPÁ TÍ KÒ NÍ IDÀ

Ẹnìkan lè sọ pé: "Pásítọ̀, àwa kò ní idà, àwa kò ní ìbọn. Kí ni ó kàn wá?" Ó kàn wá. Oríṣi ipá márùn-ún wà tí kò ní idà, inú ilé àti inú ìjọ wa sì ni wọ́n ń gbé.

1. Ipá oúnjẹ. Ó dára kí a fún aláìní ní ìrẹsì àti aṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ẹni tí kò bá jáde wá gba Jésù kò ní gba ìrẹsì, ọjà ni a ń ná. Àwọn àgbà sọ pé: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn, ẹnìkan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni (Lúùkù 17:12-19). Olúwa kò gba ìwòsàn àwọn mẹ́sàn-án yòókù padà.

2. Ipá ipò. Ọ̀gá níbi iṣẹ́, onílé, olùkọ́, ìyá tí ó gba ọmọ-ọ̀dọ̀: agbára wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣe àdúrà òwúrọ̀ níbi iṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ wá mọ̀ pé owó oṣù òun kò ní dín. Bí ọmọ-ọ̀dọ̀ bá fẹ́ kírun, fún un ní omi àti àyè. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin yìí náà ni ó ń dáàbò bo ọmọ tiwa níbi tí àwa kò ti pọ̀.

3. Ipá ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gba onígbàgbọ́ ní ìmọ̀ràn láti gbé onígbàgbọ́ ní ìyàwó, a kò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin Mùsùlùmí bá ṣe ìrìbọmi ní Ọjọ́bọ̀ kí ó lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ta ni a ń tàn jẹ? Ẹ jẹ́ kí àwa olùṣọ́-àgùntàn yéé wẹ ènìyàn fún ìgbéyàwó. Ẹni tí ó sì ti wà nílé ọkọ tàbí aya tí kò gbàgbọ́, Pọ́ọ̀lù ní kí ó má kọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnìkejì bá fẹ́ bá a gbé (1 Kọ́ríńtì 7:12-13). Pétérù sì sọ pé ìwà ìyàwó lè jèrè ọkọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan (1 Pétérù 3:1-2). Arábìnrin, bí o bá ń wàásù fún ọkọ rẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí ọbẹ̀ sì ń jóná, ìwàásù rẹ kò ní wọ̀ ọ́ létí.

4. Ipá ìbẹ̀rù. A kò gbọdọ̀ dúró ti aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí a sọ fún un pé bí kò bá gba ẹ̀sìn wa kò ní dìde. Ẹni tí ń rì sómi yóò di ohunkóhun mú. A kò sì gbọdọ̀ rí ìran ikú sí ẹnikẹ́ni láti fi lé e wọ inú ìjọ. Gbàdúrà fún un, sọ ìfẹ́ Olúwa fún un bí ó bá fẹ́ gbọ́, kí o sì bá a san nínú owó oògùn bí o bá ní i.

5. Ipá ẹ̀gàn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kọ sí mọ́ṣáláṣí tí a ń fi bú wòlíì àwọn ènìyàn kì í ṣe ìhìn rere. Ẹni tí ó lọ fọ́ ojúbọ àwọn oníṣẹ̀ṣe lóru kò jèrè ọkàn kan. Ní Éfésù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù títí tí ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, akọ̀wé ìlú tí kì í ṣe Kristẹni jẹ́rìí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ja tẹ́ḿpìlì lólè, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà ìlú (Ìṣe 19:37). Ǹjẹ́ akọ̀wé ìlú tiwa lè jẹ́ irú ẹ̀rí yìí fún wa? Ní 2023, nígbà tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní Ìlọrin kìlọ̀ fún obìnrin oníṣẹ̀ṣe kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún rẹ̀ ní ìlú náà, tí ó sì fagi lé e, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín pé ìjà òrìṣà àti ìmàle kò kàn wá. Ó kàn wá. A kò gba òrìṣà gbọ́, a ó sì máa wàásù pé Jésù nìkan ni ọ̀nà (Jòhánù 14:6). Ṣùgbọ́n ẹni tí a gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ọ̀la ni yóò kan ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ JẸ́ PÉ ÀWA NI WỌ́N Ń FI IPÁ MÚ

Inú ìnira ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wà. Ẹbí ní kí wọ́n wá ṣe orò ìdílé. Àna ní bí wọn kò bá gba Ìsìláàmù, ọmọ kò ní jẹ́ tiwọn. Ẹ wo Dáníẹ́lì ní Bábílónì. Ó pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní fi oúnjẹ ọba ba ara òun jẹ́. Ṣùgbọ́n kò da àwo oúnjẹ nù sí olórí ìwẹ̀fà lójú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá (Dáníẹ́lì 1:8-14). Ọkàn tí ó le bí irin lè ní ahọ́n tí ó rọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.

Bí bàbá rẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bá kú, lọ sin ín. Wọn yóò sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Má ṣe jà pé ṣọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n gbé e lọ. Kì í ṣe dandan kí o kírun pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n o lè gbẹ́ ilẹ̀, o lè gbé òkú, o lè gba àlejò, o lè dá owó. Bí ẹbí bá bèèrè orò tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ kò gbà, sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, èmi kò lè ṣe èyí," kí o sì ṣe ìlọ́po méjì nínú ohun tí o lè ṣe. Ẹbí yóò bínú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kò ní lè sọ pé Jésù ni ó sọ ọ́ di ọmọ tí kò mọ bàbá.

BÍ ỌMỌ WA BÁ KÚRÒ

Ẹ̀yin òbí, èyí ni ó le jù. Ọmọbìnrin tí ó ti ń kọrin nínú kọ́yà láti kékeré fẹ́ ọkùnrin Mùsùlùmí, ó sì gba ẹ̀sìn ọkọ. Ọmọkùnrin ti yunifásítì dé, ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Àwọn òbí kan a gégùn-ún. Àwọn kan a gba owó ilé-ìwé dúró. Àwọn kan a sọ pé àwọn kò bí i.

A mọ bí ó ti ń dunni tó. Sọ fún ọmọ náà pé inú rẹ bàjẹ́, sọ ìdí rẹ̀ fún un láìfi ọ̀rọ̀ bò. Ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn. Bàbá inú Lúùkù 15 fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ó bèèrè, ó jẹ́ kí ó lọ, kò sì ṣí kúrò lójú ọ̀nà tí ọmọ náà yóò gbà padà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kọ ọmọ náà sílẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ibo ni ọmọ náà ì bá padà sí? Ìgbàgbọ́ tí òbí fi ẹkún àti ìfẹ́ pa mọ́ fún ọmọ máa ń dúró dè é. Èyí tí òbí fi ìyà tì í lọ́rùn ni ọmọ ń sá fún títí láé.

ǸJẸ́ KÍ A DÁKẸ́ NÍGBÀ NÁÀ?

Rárá o! Ẹni tí ó mọ oògùn àrùn tí ó dákẹ́ ti ṣẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ pé àwa ń yí ènìyàn lọ́kàn padà, àwa sì ń bẹ̀ wọ́n ní ipò Kristi (2 Kọ́ríńtì 5:11, 20). Ẹ kíyè sí i: ó ní ó ń bẹ̀ wọ́n. Alágbára kì í bẹ ẹni tí ó lè fi ipá mú. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìdáhùn wà ni ó ń bẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, gbàdúrà fún ènìyàn rẹ lórúkọ lójoojúmọ́. Gbé ìgbé ayé tí yóò mú kí ó bèèrè ọ̀rọ̀. Gbọ́ ohun tí òun náà gbàgbọ́ lẹ́nu rẹ̀, má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí àyè bá ṣí, sọ ohun tí Jésù ṣe fún ọ, kedere, pẹ̀lú ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ bí Pétérù ti wí. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí i bí o ti máa ń kí i. Bí kò bá gbà títí tí ó fi kú, o ti ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́rìí, o sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Onídàájọ́ gbogbo ayé yóò ṣe èyí tí ó tọ́.

Ẹ̀rí jíjẹ́ ni iṣẹ́ tiwa. Títún ènìyàn bí, iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni (Jòhánù 3:8). Ẹni tí ó bá ń fi ipá ṣe é ti kúrò lórí àga ẹlẹ́rìí, ó ti lọ jókòó sórí ìtẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o dúró dè wá títí a fi ṣílẹ̀kùn, fún wa ní irú sùúrù rẹ sí àwọn ènìyàn wa. Dáàbò bo gbogbo ẹni tí wọ́n ń fi ipá mú nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa ti ìlẹ̀kùn tí ìwọ ṣí sílẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ÌDÍLÉ

1. Ta ni ó wà nínú ẹbí tàbí ládùúgbò wa tí kì í ṣe Kristẹni? Ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó gbàgbọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀?
2. Nínú oríṣi ipá márùn-ún tí a kà, èwo ni ó wà nínú ilé wa?
3. Kí ni a lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí fún ẹni náà, láìretí pé yóò tẹ̀ lé wa lọ sí ìjọ?